Ọ̀nà Òkè Ẹ̀fọ̀n: Ẹ̀yin Ẹ Bèèrè, Àwa A Dáhùn

Lẹ́tà tó dé bá wa lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà Iléṣà sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ló gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ó yé wa. Ará Òṣogbo tó bá ní ẹbí, ọjà tàbí ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ ní Èkìtì yóò dojú kọ òkè náà lọ́jọ́ kan. A ti pa àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀, a sì mú èyí tó kan ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aràmọkọ ni mo ti ń ra iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sí Òṣogbo. Láti ilé dé Iléṣà, ilẹ̀ kàn ń lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀ ni. Bí a bá wá kọjá Ẹrínmọ̀, òkè á kàn dìde fùú níwájú. Kí ló fà á? Ṣé kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè gbé ọ̀nà gbà ni? (Oníṣòwò, Ọjà Ọba)

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Òkúta ló fà á. Èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí yàtọ̀ sí ti Ẹ̀fọ̀n. Akọ òkúta tó yọrí rìbìtì bí ẹ ti ń rí i ní Ìràgbìjí ni tiwa. Ti Ẹ̀fọ̀n, quartzite ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é. Iyanrìn ayé àtijọ́ ni, tó wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ, tí ooru àti ìwúwo ohun tó wà lórí rẹ̀ wá tẹ̀ títí ó fi di òkúta líle. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dúró níbi tí wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ òkè láti la ọ̀nà, ẹ wo ara òkúta náà dáadáa. Ó funfun, ó pọ́n díẹ̀ níbi tí omi ń gbà, ó sì pín ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ọ̀kan lórí èkejì. Ẹ mú èérún rẹ̀ kan, ẹ fi ha ara ìgò: yóò ha á.

Òkúta tó wà níhà Iléṣà rọ̀ ju èyí lọ. Òjò àti oòrùn ti jẹ ẹ́ di ilẹ̀ pupa tí kòkó fẹ́ràn, ó sì ti lọ sílẹ̀. Quartzite kò gbà fún òjò bọ̀rọ̀. Bí èyí tó rọ̀ ti ń jẹ lọ, tí èyí tó le ń dúró, ohun tó ṣẹ́kù ni òkè gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ìhà Òkèmẹ̀sí wá sí Ẹ̀fọ̀n, tó tún ń bá a lọ síhà gúúsù. Ìlà-oòrùn ni ọkọ̀ yín ń lọ, òkè náà sì nà láti àríwá sí gúúsù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń pàdé rẹ̀ lójúkojú: ẹ kò bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ńṣe lẹ fẹ́ dábùú rẹ̀ kọjá.

Ní ti ibòmíràn, gbogbo ẹni tó ń la ọ̀nà lórí òkè, ibi tí òkè bá ti lọ sílẹ̀ jù tàbí ibi tí omi ti gé e ló ń wá. Omi tí ń sọ̀ kalẹ̀ lójú kan náà kò ṣeé tẹ̀ lé fún mọ́tò, nítorí kò bìkítà bí ibẹ̀ ṣe dà tó. Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, omi tó ń já bọ́ ní ìpele 7, ara òkè yìí kan náà ló ti ń bọ̀. Mọ́tò ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ gun òkè: ọ̀nà á rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á yí kọ́nà, á tún yí òmíràn, títí yóò fi dé orí. Bí ọ̀nà bá ń ga sókè ní mítà 10 nínú gbogbo 100 mítà tí ẹ rìn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó le nìyẹn fún ọkọ̀ tó rù iṣu. Kọ́nà yẹn tó ń yí yín lójú, òun ló jẹ́ kí ọkọ̀ lè gùn ún rárá.

Ẹ fi èyí kún un, torí ọmọ Òṣogbo ni yín: odò Ọ̀ṣun gan-an, Ìgèdè-Èkìtì lójú ọ̀nà Adó ló ti ṣẹ̀ wá. Bí ẹ bá ti kọjá Aràmọkọ, ẹ kò jìnnà sí orísun rẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn. Ṣé ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n yìí ni àwọn jagunjagun Kírìjì gbà? Ta ló sì sọ ọ́ di ọ̀nà mọ́tò? (Olùkọ́, Òkè-Báálẹ̀)

Ìdáhùn: Ojú ogun Kírìjì kò sí lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n gan-an. Àwọn òkè tó wà lápá àríwá rẹ̀ ni, láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pàgọ́ níhà Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀, pàgọ́ níhà Ìmẹ̀sí-Ilé, òkè àti àfonífojì sì wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kojú ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí ló dá iná ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nígbà tó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ìyẹn aṣojú tí Ìbàdàn fi ṣàkóso ìlú. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ló wá di olórí ogun Èkìtìparapọ̀. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló kó ti Ìbàdàn jáde, ibùdó ogun náà ló sì kú sí ní 1885. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà lọ́jọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni ogun náà tó parí pátápátá.

Ohun tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ náà mọ̀ ni bí ilẹ̀ ṣe darí ogun náà. Ìbàdàn ti ṣẹ́gun ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ tó tẹ́jú. Láàárín òkè, ogun kì í lè tú ká kó yí ọ̀tá po. Ojú ọ̀nà tóóró ni yóò gbà, ẹni tó bá sì wà lókè ti rí i. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìbọn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ń fi ìbọn olóyìnbó tí wọ́n ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sílé. Ọ̀nà Oǹdó, tí Glover, alákòóso ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ṣí ní 1872, ni ẹrù ń gbà, torí kò gba Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú kọjá. Dídún àwọn ìbọn náà láàárín òkè ló fún ogun ní orúkọ Kírìjì. Bí ẹ bá lè kó àwọn ọmọ náà lọ, ẹ mú wọn gba Ìkirun, Ìrèé, Àdá, kẹ́ ẹ dé Ìgbájọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró lórí ilẹ̀ náà, kí wọ́n wo ibi tí ìhà kejì wà. Ìwé kan kò lè ṣàlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọ̀nà mọ́tò, rélùwéè ló kọ́kọ́ yí nǹkan padà. Ó dé Òṣogbo ní 1907, kò sì yà sí Iléṣà tàbí Èkìtì. Ẹrù ìhà ibẹ̀ tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin gbọ́dọ̀ wá bá a níbí, ohun tó sọ Òṣogbo di ọjà ńlá nìyẹn. Orí èèyàn ló kọ́kọ́ ń ru ẹrù náà, kí mọ́tò tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní 1928, iṣẹ́ ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ń lọ lọ́wọ́. A mọ èyí dájú nítorí ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ katakata tí ń tẹ ọ̀nà náà ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ìtàn ìjọ Àpósítélì Kristi sọ pé lọ́jọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún náà, katakata rẹ̀ dúró lágbègbè Ìkeji, kò ṣí mọ́, ibẹ̀ ni ó sì ti gbọ́ ìpè. Ní 1930 ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ó sì gun òkè dé Ẹ̀fọ̀n. Ẹ̀fọ̀n náà ni wọ́n sin Babalọlá sí ní 1959. Títí di òní, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ìjọ wà lára ohun tó ń mú ọ̀nà òkè yẹn kún.

Ààlà ìpínlẹ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí kò tíì pẹ́. Ọ̀ṣun dá dúró ní 1991, Èkìtì ní 1996. Ẹrínmọ̀ àti Ẹ̀rìn bọ́ sọ́dọ̀ wa, Ẹ̀fọ̀n bọ́ sí Èkìtì.

Ìbéèrè: Bọ́ọ̀sì elérò 18 ni mò ń wà láti Old Garage lọ sí Adó. Bí mo bá ń bọ̀ tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ ní òkè Ẹ̀fọ̀n, búréèkì á máa rùn bí nǹkan tó ń jó, pẹ́dálì á sì máa rì lẹ́sẹ̀ mi. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ láínì búréèkì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ni mọ́tò ní kí n máa fi sí fíríì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí epo má baà tètè tán. Kí ni kí n ṣe? (Dírẹ́bà, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mọ́tò sí fíríì lórí òkè yẹn mọ́ láéláé. Ẹ bá wa sọ fún ẹni tó ni mọ́tò pẹ̀lú. Ẹ̀mí èèyàn 18 wà lẹ́yìn yín.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bọ́ọ̀sì tọ́ọ̀nù 3 tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní 100 mítà lóòró, agbára tó gbọ́dọ̀ tú sílẹ̀ tó láti mú omi tútù lítà 9 hó. Tírélà tọ́ọ̀nù 30, ó ju 90 lítà lọ. Ọ̀nà méjì péré ni ooru yẹn lè gbà jáde: kí ẹ́ńjìnnì di mọ́tò mú, tàbí kí búréèkì gbé gbogbo rẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá fi sí fíríì, ẹ ti yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú iṣẹ́ náà. Epo tí wọ́n sì sọ pé ẹ ń tọ́jú, irọ́ ni fún mọ́tò tó ń lo injector: bí ó bá wà nínú jíà tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí túrótù, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ máa ń ti epo pa, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Inú fíríì ló ti ń jẹ epo, torí kó má baà kú. Bí ó bá sì kú, búréèkì á le bí òkúta lẹ́yìn ìtẹ̀ bíi mélòó kan, sítíárì náà á wúwo.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ni kí ẹ mú jíà, kì í ṣe nígbà tí mọ́tò ti ń sáré. Jíà 2 ló yẹ níbi tó dà jù. Jíà 3 níbi tó rọ̀ díẹ̀. Ẹ yan eré kan, ká sọ pé kìlómítà 40 ní wákàtí kan. Bí mọ́tò bá dé 40, ẹ tẹ búréèkì dáadáa títí yóò fi padà sí nǹkan bí 32, kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá. Ẹ jẹ́ kó tún dé 40, kẹ́ ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń jó búréèkì ni kí ẹsẹ̀ wà lórí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, torí láínì kò ráàyè tutù rárá. Àwọn ọ̀gá tírélà, ìlànà kan náà ni tiyín. Ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ léraléra, afẹ́fẹ́ á tán nínú táǹkì. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ rí i dájú pé búréèkì ara tírélà ń di táyà mú, kì í ṣe ti orí ọkọ̀ nìkan.

Pẹ́dálì tó ń rì yẹn, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì búréèkì ni, láínì kò lè wò ó sàn. Ọ́ìlì búréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. DOT 3, irú ọ́ìlì búréèkì kan, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú agolo kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C. Bí ó bá ti fa omi, ó lè hó ní 140°C. DOT 4, 230 ni nígbà tó tuntun, 155 nígbà tó ti gbó. Bí ó bá hó, oru á kún inú páìpù, ẹsẹ̀ yín á máa tẹ oru dípò ọ́ìlì. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fa gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ dà nù, kó fi DOT 4 tuntun sí i láti inú agolo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, kó sì fa afẹ́fẹ́ jáde ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti èyí tó jìnnà jù. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì. Ẹ ní kó wo ti ẹ̀yìn náà: bí kò bá tún búréèkì ẹ̀yìn sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù, ti iwájú nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́ gbogbo wọn, a jẹ́ pé láínì tuntun á jó bí ti àtijọ́. Láínì tó ti jó tẹ́lẹ̀ máa ń dán bíi gíláàsì lójú. Ìyẹn kò ṣeé lò mọ́, bó ti wù kó nípọn tó.

Bí búréèkì bá kọ̀ yín lórí òkè, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ pẹ́dálì wìtìwìtì, nígbà mìíràn á padà wá díẹ̀. Ẹ máa sọ jíà kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fa háńdì búréèkì díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò lórí bọ́tìnì rẹ̀ kó má baà há táyà ẹ̀yìn. Ẹ tan iná méjèèjì, ẹ di họ́ọ̀nù mú. Bí kò bá gbọ́, ẹ̀gbẹ́ tí òkè wà ni kí ẹ fi ara mọ́tò ha, tàbí kẹ́ ẹ wọ gọ́tà ìhà ibẹ̀. Ẹ má yà sí ìhà àfonífojì. Ara mọ́tò ṣeé tún ṣe.

Nígbà tí ẹ bá sì dé ìsàlẹ̀ tí búréèkì ń rùn, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ọmọ mọ́tò fi wẹ́ẹ̀jì sí ìdí táyà. Ẹ má da omi sí dúrọ́ọ̀mù gbígbóná, yóò là tàbí kó wọ́.

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin ń wa ọkọ̀ ọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ní Adó. Òun kò ní jíà tí yóò mú. Ṣé kó máa fi D sọ̀ kalẹ̀ ni? (Ìyá kan, Àyètòrò)

Ìdáhùn: Rárá, ìyá wa. Ó ní jíà náà: lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ D ni, bíi 3, 2 tàbí L. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, àmì “−” ni yóò máa tì. Kó mú 2 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ẹ́ńjìnnì á ké sókè, abẹ́rẹ́ tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan lè dé 3,000, ìyẹn kì í pa á lára. Kó má jẹ́ kí ariwo yẹn mú un padà sí D. Nígbà tó bá ń gùn, tí abẹ́rẹ́ ooru bá ń lọ sókè, kó pa AC, kó ṣí wíńdò. Bí ó bá ti kọjá ibi tó yẹ, kó dúró, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Kó má ṣí ráídétọ̀ nígbà tó gbóná.

Ìbéèrè: Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni mí, Òṣogbo ni mo ń gbé. Kí ló dé tí ọ̀dà tí wọ́n fi ń dí kòtò lórí òkè kì í pé òjò kan? (Òkè-Fíà)

Ìdáhùn: Ẹ̀dùn ọkàn yín ni tiwa náà. Omi ni ọ̀tá ọ̀nà òkè, abẹ́ ló sì ti ń jà. Òjò tó rọ̀ lórí quartzite ń wọ àárín pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ òkúta, ó sì ń yọ níbi tí wọ́n gé òkè sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí gọ́tà bá ti dí, omi yẹn á gba abẹ́ ọ̀dà kọjá, á máa kó yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ síhà àfonífojì. Kòtò tí ẹ rí lójú ọ̀nà ni ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá da ọ̀dà sí i láìṣí gọ́tà, iṣẹ́ òfo ló ṣe.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyí. Wọ́n á wá ibi tí omi ti ń wá, wọ́n á kó gọ́tà àti kọ́fáàtì (ihò omi abẹ́ ọ̀nà) mọ́. Wọ́n á gé kòtò náà ní igun mẹ́rin, kí etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, wọ́n á wà á títí yóò fi kan ilẹ̀ gbígbẹ tó le. Òkúta àti yẹ̀pẹ̀ pupa ni wọ́n á fi kún un padà ní ìpele-ìpele, kí ìpele kan má ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, kí wọ́n sì tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó ki. Ẹ̀yìn náà ni ọ̀dà ṣíṣàn díẹ̀ á lọ sí etí àti ìdí rẹ̀, kí ọ̀dà gbígbóná tó wọlé, kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Àárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ló yẹ kí iṣẹ́ náà wáyé, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ.

Àmì kan wà tí ẹ̀yin ará ìlú lè máa ṣọ́. Bí ẹ bá rí i tí ọ̀dà là létí ìhà àfonífojì, tí lílà náà sì tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti ń yọ̀ lọ nìyẹn. Ẹ fi òkúta tàbí ewé sàmì síbẹ̀ kí mọ́tò má baà gùn ún, kẹ́ ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní 122. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ wo òkè pẹ̀lú. Pẹlẹbẹ òkúta tó dagun sójú ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ yọ̀ bọ́.

Ìbéèrè: Ṣé òkè Ẹ̀fọ̀n tó ọ̀nà òkè tí wọ́n ń fi hàn nílẹ̀ òyìnbó, bíi Stelvio? (Akẹ́kọ̀ọ́)

Ìdáhùn: Ní gíga, kò sún mọ́ ọn rárá. Stelvio ní Ítálì ga tó mítà 2,757, kọ́nà 48 ló sì wà lápá kan ṣoṣo, láti Prato gun òkè. Ìjọba Austria ló là á láàárín 1820 sí 1825, Carlo Donegani ni ẹnjiníà rẹ̀. Yìnyín ń tì í pa ní gbogbo ìgbà òtútù. Ọgbọ́n tó là á ni ọgbọ́n tó la Ẹ̀fọ̀n: fi ẹ̀gbẹ́ gun òkè, yí kọ́nà, wá ọ̀nà fún omi. Lórí èyí tó kẹ́yìn, àwọn ará ibẹ̀ kì í fi ìtọ́jú ṣeré.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kó sìmẹ́ńtì lọ sí Adó pẹ̀lú tírélà. Ẹ̀fọ̀n ni kí n gbà ni? (Aláṣẹ ilé ìkẹ́rùsí, Òṣogbo)

Ìdáhùn: A kò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ní oríta Ìwàrájà lẹ́yìn Iléṣà, kí dírẹ́bà má yà sí ọwọ́ òsì tó lọ sí Ẹrínmọ̀. Kó gba Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, Ọ̀wẹ̀nà, dé Ìgbàrà-Òkè, kó wá gba Ìgbàrà-Odò àti Ìláwẹ̀ wọ Adó. Bí ọ̀nà Ìláwẹ̀ kò bá dára lásìkò náà, kó dé Àkúrẹ́, kó gba Ìkẹ́rẹ́. Ó jìn díẹ̀, epo á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níbẹ̀ kò gùn bí ti Ẹ̀fọ̀n. Bí Ẹ̀fọ̀n bá wá di dandan, kó jẹ́ ojú ọ̀sán. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kùrukùru máa ń bo orí òkè nígbà òjò. Ẹni tó bá bá a pàdé, iná kékeré ni kó tàn, torí iná ńlá á kàn tàn padà sí i lójú. Kí ọmọ mọ́tò sì ní wẹ́ẹ̀jì igi méjì tó nípọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó kúrò ní Iléṣà.